Áàpù Bíbélì YouVersion lọ́wọ́ ẹni tí ìfẹ́ ènìyàn já kulẹ̀

Bí wọ́n bá sọ fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù kúrò nílé, tàbí ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ pé òun ò ṣe mọ́, pé kó lọ wá ìtùnú nínú ìfẹ́ Ọlọ́run, fóònù ló máa kọ́kọ́ mú lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, áàpù Bíbélì YouVersion ló máa ṣí. Láti oṣù Keje ọdún 2008 ló ti wà. Ìjọ Life.Church ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀. A ò ní í yẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wò níbí. Ìbéèrè kan ṣoṣo la gbé kalẹ̀: ẹni tí ìfẹ́ ènìyàn ti já kulẹ̀, ṣé áàpù yìí lè ràn án lọ́wọ́ débi tí ìfẹ́ Ọlọ́run yóò ti tẹ́ ẹ lọ́rùn ní tòótọ́? Ó lè ràn án lọ́wọ́, bó bá mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀ àti ibi tó yẹ kó fojú fò. Bó bá lò ó bó ṣe wà lọ́jọ́ tó gbé e sórí fóònù, òkèlè kan ṣoṣo ni yóò máa rí jẹ lójúmọ́, ebi yóò sì máa pa á lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òkèlè kan yẹn, ìyẹn ẹsẹ ojoojúmọ́ tó máa ń yọ lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹsẹ kan, àwòrán òkè tàbí òkun lẹ́yìn rẹ̀, ó parí. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀. Àmọ́ ewu wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń jí ní aago mẹ́ta òru láti wò ó bóyá ẹni tó lọ ti kọ nǹkan ránṣẹ́. Ẹ wo Jeremáyà 29:11, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé èrò àlàáfíà lòun ní sí àwọn èèyàn òun. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ á kà á, á sì gbọ́ ọ pé ẹni yẹn ń padà bọ̀ kí oṣù tó tán. Ẹsẹ 10, tó wà lókè rẹ̀ gan-an, dárúkọ 70 ọdún. Àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì ni wọ́n kọ lẹ́tà náà sí, ẹsẹ 5 sí 7 sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n bá ara wọn. Ìlérí náà dájú, ṣùgbọ́n kò sọ pé ohun tó lọ yóò padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí oṣù bá yí po tí ẹnikẹ́ni ò padà, Ọlọ́run ló máa wá dà bí ẹni kejì tó já a kulẹ̀. Ohun tó fà á kò ju pé wọ́n já ẹsẹ kan kúrò lára ẹ̀ka rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ẹ tẹ ẹsẹ náà kó ṣí orí tó ti wá, kí ẹ sì kà á láti ẹsẹ kìíní.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà rárá, ẹ kọ́kọ́ pèsè fóònù náà sílẹ̀. Fóònù kan náà yẹn ni fọ́tò ẹni tó lọ wà nínú rẹ̀, òun náà ni WhatsApp ti ń dún. Kò sẹ́ni tó lè jẹun àjẹgbádùn nínú yàrá tí èéfín kún. Ẹ dáùnlóòdù ìtumọ̀ tí ẹ fẹ́ máa kà, kí ẹ lè kà á láìsí dátà. Ẹ ṣí ibi tí Bíbélì wà, ẹ tẹ orúkọ ìkékúrú ìtumọ̀ tó wà lókè, ẹ yan èdè Yorùbá, kí ẹ wá tẹ àmì tí wọ́n fi ń gba nǹkan sórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wù yín. Kì í ṣe gbogbo ìtumọ̀ ló ṣeé gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àdéhùn tó wà láàárín àwọn tó ni ìtumọ̀ àti àwọn tó ṣe áàpù. Bí ẹ ò bá rí àmì náà, ẹ mú ìtumọ̀ mìíràn. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá wá fẹ́ kà, ẹ pa dátà àti Wi-Fi kí ẹ tó ṣí áàpù. Àwọn kan máa ń pa ìró nìkan, wọ́n á sì rò pé ó ti tó. Ìró kọ́ ló ń fa ọkàn lọ, ìmọ́lẹ̀ ni: orúkọ kan tó yọ lókè ojú fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tó láti gba gbogbo ohun tí sáàmù odidi ti kó jọ sínú èèyàn.

Áàpù náà lè máa rán yín létí lákòókò tí ẹ bá yàn. Òwúrọ̀ làwọn èèyàn sábà máa ń yàn, torí òwúrọ̀ ni wọ́n mọ̀ mọ́ àdúrà. Ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ ni ìbànújẹ́ rẹ̀ ń ru sókè, kó yan alẹ́, kó fi í sí ìdajì wákàtí ṣáájú ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fóònù wò.

Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni áàpù yìí ti wú wa lórí jù lọ. Ìtumọ̀ Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí wọ́n pè ní Bibeli Mimọ ni ti àtijọ́. Látinú iṣẹ́ Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá, ọdún 1884 sì ni odindi Bíbélì náà jáde. Èyí tí wọ́n fi YCE dá mọ̀ àti Bíbélì Mímọ́ Yorùbá Òde Òní, tí àmì tirẹ̀ jẹ́ YCB, ń sọ Yorùbá tí à ń sọ lónìí. Ẹ ṣí Sáàmù 136, ẹ tẹ ẹsẹ kìíní, kí ẹ yan ibi tí wọ́n ti ń fi ìtumọ̀ wé ara wọn. Bibeli Mimọ sọ pé àánú rẹ̀ dúró láéláé. YCE ní ìfẹ́ rẹ̀ tí kì í yẹ̀ ló wà títí láé. Ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà, ḥesed, làwọn méjèèjì ń tú. Nǹkan bí ìgbà 250 ni ọ̀rọ̀ yìí fara hàn nínú Májẹ̀mú Láéláé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ wà nínú ìwé Sáàmù. Nínú Sáàmù 136 nìkan, ó wà níbẹ̀ nígbà 26, ẹsẹ kan ò yọ sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtumọ̀ méjèèjì yìí tóbi fún ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ḥesed ni ìfẹ́ ẹni tó dá májẹ̀mú tó sì dúró tì í, bí ẹnì kejì tilẹ̀ ṣàìdára. Ẹni tí ẹlòmíràn ti yẹ májẹ̀mú lé lórí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún un. Bó bá ka "àánú" nìkan, ó lè dún létí rẹ̀ bí ohùn àwọn aládùúgbò tó ń káàánú rẹ̀, ohùn yẹn sì ti sú u. "Ìfẹ́ tí kì í yẹ̀" kan ojú ọgbẹ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ dùn lẹ́nu jù nígbà tí wọ́n bá ń kà á sókè, ọ̀pọ̀ ló sì ti mọ̀ ọ́n lórí láti kékeré. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ka YCE nígbà àkọ́kọ́ kó lè yé yín, kí ẹ sì fi Bibeli Mimọ gbàdúrà lẹ́yìn náà.

Ibi ìwákiri ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi áàpù nìkan, èdè náà ló lọ́rọ̀. Bí ẹ bá tẹ "ìfẹ́" síbẹ̀, ohun méjì ló máa dà pọ̀ mọ́ra wọn fún yín: ìfẹ́ tí ó jẹ́ ìfẹ́ràn, àti ìfẹ́ tí ó jẹ́ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ kó ṣẹ, irú èyí tó wà nínú Àdúrà Olúwa. Ẹ ó sì pàdánù Jòhánù 3:16 fúnra rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìṣe ni wọ́n lò níbẹ̀: Ọlọ́run fẹ́ aráyé. Ẹ tún máa pàdánù àwọn ibi tí Bibeli Mimọ ti lo àánú, tó sì jẹ́ pé lọ́nà àtijọ́ ló ń kọ ọ́, ãnu. Nítorí náà, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa wá nǹkan nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ìfẹ́, ẹ wá àánú, ẹ wá ìṣeun-ìfẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan kan ò bá jáde, ẹ yọ àmì ohùn kúrò, kí ẹ tún un tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "fẹ́" yìí sì tó ohun tí à ń dúró tì. Lédè wa, òun la fi ń sọ pé èèyàn ń wá nǹkan, òun la fi ń sọ pé ó nífẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn, òun náà la fi ń sọ pé ó gbé e níyàwó. Ìdí nìyẹn tí "kò fẹ́ mi mọ́" fi máa ń wọ eegun. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ilẹ̀kùn mẹ́ta pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá débi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Ọlọ́run fẹ́ aráyé, kó má ṣe sáré kọjá. Kó fi orúkọ ara rẹ̀ sípò aráyé, kó kà á sókè, kó jẹ́ kí etí rẹ̀ gbọ́ pé a ń fẹ́ òun.

Ètò ìwé kíkà pọ̀ nínú áàpù náà, àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí ọkàn tó gbọgbẹ́, ìkọ̀sílẹ̀ àti dídá gbé kò sì wọ́n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó jẹ́ ti Yorùbá ò tó nǹkan, àbùkù sì nìyẹn lójú wa. Iye wọn kọ́ ló sì yẹ kí ẹ wò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ètò kan, ẹ ṣí ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ ìkẹyìn, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ bá gùn ju Ìwé Mímọ́ tó ní kí ẹ kà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìmọ̀ràn ẹnì kan lẹ máa jẹ yó. Bí kò bá sí ẹkún nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni tó kọ ọ́ ń sáré ju Bíbélì lọ, torí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn sáàmù 150 tó jẹ́ igbe ẹni tí ara ń ni. Èyí tó léwu jù ni ètò tó ń sọ fún yín pé bí ẹ bá ti jẹ́ kí Ọlọ́run tó yín, yóò fún yín ní ọkọ tàbí aya tó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ sọ ìfẹ́ Ọlọ́run di yàrá tí wọ́n ti ń dúró de ẹlòmíràn. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò máa sin Ọlọ́run pẹ̀lú ojú kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí áàpù náà ń ṣe, tí a ò fẹ́ràn fún àwọn tí à ń kọ̀wé yìí fún: ó máa ń ka iye ọjọ́ tí ẹ ti ń ṣí i láìfo ọjọ́ kan. Ète rẹ̀ dára, ó ń ran ẹni tó máa ń dẹwọ́ lọ́wọ́ láti tẹra mọ́ ọn. Àmọ́ ìṣirò ló ti kún orí ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Ó ń ka iye ọjọ́ tí wọn ò pè é, iye ìgbà tó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tí wọn ò fèsì. Bó bá sùn lọ lálẹ́ ọjọ́ kan tí iye náà padà sí ọ̀kan, ó rọrùn fún un láti rò pé Ọlọ́run náà ń ṣírò, àti pé òun ti tún kùnà nínú ìfẹ́ kejì. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà yẹn díwọ̀n nǹkan kan. Nínú ètò kíkà, bí ọjọ́ bá fò yín, ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ti lè sún àwọn ọjọ́ náà síwájú kí ẹ máa bá a lọ láti ibi tí ẹ dé. Ẹ lò ó láìbẹ̀bẹ̀.

Dípò ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ibi méje la dábàá, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọjọ́ 21. Ẹ tẹ ẹsẹ àkọ́kọ́ níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àmì ìránti sí i, kí ẹ fún gbogbo wọn ní orúkọ kan náà kí ẹ lè rí wọn lójú kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí ẹ máa kà á, sókè, kí etí gbọ́. Kíkà lójú nìkan kì í dúró nínú ọkàn tó ń sáré, ojú ti kọ́ láti máa fo gbólóhùn. Ẹnu ò lè fò ó.

Sáàmù 13 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ 6 péré ni, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Sáàmù 55 ló tẹ̀ lé e, fún ẹni tí ọ̀rẹ́ tàbí olólùfẹ́ dà. Ẹsẹ 12 sí 14 sọ pé bó bá jẹ́ ọ̀tá ni, a bá fara dà á, ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ ń gbìmọ̀ dídùn, tí a jọ ń lọ sílé Ọlọ́run ni. Ẹsẹ 22, kó ẹrù rẹ lé Olúwa, ni gbogbo èèyàn mọ̀, àmọ́ ìbínú gbígbóná ló wà ní ẹsẹ 15, ẹ má sì ṣe fò ó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti sọ fún Ọlọ́run pẹ̀lú ìbínú, kò ní máa wá ọ̀nà jáde lórí WhatsApp ní aago méjì òru. Sáàmù 88 ló wà fún ọjọ́ tí àdúrà ò fẹ́ jáde. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níparí rẹ̀: olùfẹ́ àti ọ̀rẹ́ ti jìnnà, òkùnkùn ló kù. Síbẹ̀ Olúwa ni onísáàmù náà ń bá sọ ọ́, látorí ẹsẹ kìíní dé ìkẹyìn. Wíwà tó wà nínú Bíbélì ti tó ẹ̀rí pé Ọlọ́run ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni Jẹ́nẹ́sísì 29:31 títí dé 30:21, ìtàn Léà, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Jékọ́bù ò fẹ́ràn Léà, Rákélì ló fẹ́ràn. Léà bí Rúbẹ́nì, ó ní ní báyìí ọkọ òun yóò fẹ́ràn òun. Ó bí Síméónì, ó ní Olúwa ti gbọ́ pé a kórìíra òun. Ó bí Léfì, ó ní lọ́tẹ̀ yìí ọkọ òun yóò fà mọ́ òun. Ọmọ mẹ́ta, ìrètí kan náà. Ìgbà tó bí Júdà, kò dárúkọ ọkọ mọ́: nísinsin yìí, ó ní, èmi yóò yin Olúwa. Orí 29 parí síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníwàásù náà máa ń parí sí, bí ẹni pé ọgbẹ́ náà ti jinná. Ẹ ṣí orí 30. Ní ẹsẹ 15, Léà ń bi Rákélì bóyá ohun kékeré ni pé ó gba ọkọ òun. Ní ẹsẹ 20, ó ti bí ọmọkùnrin mẹ́fà, ó sì tún ń sọ pé ní báyìí ọkọ òun yóò máa bá òun gbé. Ìyìn tó sọ nígbà Júdà kì í ṣe irọ́. Ebi tó ń pa á ló kàn tún padà. Ẹni tó bá ti rí ìtẹ́lọ́rùn nínú Ọlọ́run lọ́jọ́ Àìkú, tó sì ń sunkún nítorí ẹni yẹn lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, kò tíì ṣubú kúrò nínú ìgbàgbọ́. Orí 30 ló wà. Ọlọ́run sì gbọ́ ti Léà nínú orí yẹn náà, ẹsẹ 17 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Sáàmù 131 ò ju ẹsẹ 3 lọ, ó sì ṣòro fún wa láti dárúkọ ibòmíràn nínú Bíbélì tó ṣe àpèjúwe ìtẹ́lọ́rùn yìí tó o. Onísáàmù ní ọkàn òun rí bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹni tó ti já ọmọ lẹ́nu ọmú mọ bí alẹ́ àkọ́kọ́ ṣe máa ń rí. Ọmọ á ké, á máa fọwọ́ wá àyà ìyá rẹ̀, á yí ojú kúrò nínú ohun gbogbo tí wọ́n bá fi tù ú. Lójú rẹ̀, ìyá ti kọ̀ ọ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á gun orí itan yẹn kan náà, á gbé orí lé àyà kan náà, kò sì ní wá wàrà mọ́. Ìyá ló ń wá. Kì í ṣe pé wàrà burú. Ọmọ náà ti mọ̀ pé ẹni tó ń fún òun ju ohun tó ń fún òun lọ. Nítorí náà, bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹkún yín bá le, ẹ má ṣe rò pé kíkà náà ò ṣiṣẹ́. Alẹ́ jíjá lẹ́nu ọmú ni.

Sáàmù 136 ni ìkẹfà. Bí ẹnì kan bá wà nílé, kí ẹ jọ kà á: ọ̀kan á dá a, èkejì á gbè é. Fún ẹni tó jẹ́ pé òbí ló kọ̀ ọ́ láti kékeré, kó fi Sáàmù 27 àti Àìsáyà 49:14 sí 16 rọ́pò Sáàmù 55. Ẹni tí wọ́n lé jáde nílé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ lè fi ìtàn Hágárì rọ́pò rẹ̀, Jẹ́nẹ́sísì 16 àti 21:9 sí 19.

Ìtumọ̀ tó bá ní ohùn máa ń ní àmì tí ẹ lè tẹ̀ láti gbọ́ ọ, ẹ lè dín eré ohùn náà kù, ẹ sì lè yan àkókò tí yóò pa ara rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí oorun jìnnà sí. Kì í ṣe gbogbo ìtumọ̀ ló ní i.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ohun tó wà lọ́kàn yín sábẹ́ ẹsẹ kan, áàpù náà gbà yín láyè. Kí ẹ tó pa á mọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yan ẹni tó lè rí i, kí ẹ yan ara yín nìkan. Orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ yín, ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, kò yẹ kó bọ́ sójú ẹni tí ẹ ò rò. Àwọn kan sì máa ń kọ ọ́ kí ẹni yẹn lè rí i, wọ́n á fi ẹsẹ Bíbélì bò ó. Ìyẹn kì í ṣe àdúrà mọ́, lẹ́tà ni.

Ibì kan wà tí áàpù yìí ò dé, kò sì sí áàpù tó dé ibẹ̀. Bí ẹni tó yẹ kó fẹ́ràn yín bá ń lù yín, tàbí tí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá ń wá sọ́kàn yín, ẹ má ṣe ka ètò ọjọ́ 21 kankan. Ẹ lọ síbi tí ẹ ò ní í séwu, ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín jù, ẹ dé ilé ìwòsàn lónìí. Èlíjà náà bẹ Ọlọ́run pé kí òun kú, ó wà ní 1 Àwọn Ọba 19:4. Ohun tó kọ́kọ́ rí gbà ni oorun, àkàrà àti omi. Ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i kó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹsẹ 9 ni Ọlọ́run tó wá bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì jẹun láti àná, kó jẹun kó tó ṣí sáàmù.

Ibi keje tí a dábàá ni 2 Tímótì 4:9 sí 22, torí ọ̀rọ̀ kan tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́: pé ẹni tí Ọlọ́run bá tó kò nílò ènìyàn mọ́. Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n. Démásì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹsẹ 10. Nígbà tó kọ́kọ́ jẹ́jọ́, kò sẹ́ni tó dúró tì í, gbogbo wọn ló sá, ẹsẹ 16. Ẹsẹ 17 ní Olúwa dúró tì í, ó sì fún un lágbára. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ fún Tímótì ní ẹsẹ 9 pé kó tètè wá, ní ẹsẹ 11 pé kó mú Máàkù dání, ní ẹsẹ 13 pé kó bá òun mú aṣọ òtútù tóun fi sílẹ̀ ní Tíróásì, àti àwọn ìwé. Ní ẹsẹ 21, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí pé kó sapá láti dé ṣáájú ìgbà òtútù. Nínú lẹ́tà kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà, Olúwa tó dúró tì í àti aṣọ tó ń béèrè. Bí ẹ bá kà á tán lọ́jọ́ kọkànlélógún, ẹ tan dátà padà, kí ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ sọ fún un pé kó wá.